Káńtà Ìyàwó, Ògiri Ọkọ

Màmá Káfíńtà kì í fojú wo igi kó tó fimú wò ó. Bí ẹ bá gbé pákó wá síwájú ẹ̀, á kọ́kọ́ tẹ̀ ba, á fi èékánná ha á díẹ̀, á wá gbé imú lé e bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọbẹ̀ ti ń jóná. Ìgbà náà ló máa tó sọ̀rọ̀. "Eléyìí ti mu omi rí," á wí bẹ́ẹ̀. Tàbí kó ní, "Ọmọdé ṣì ni eléyìí o, ẹ lọ gbé e síbi tí atẹ́gùn á ti fẹ́ ẹ dàgbà." Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọjọ́ tó máa yan ọkọ, imú ló fi yàn án. Òun náà kì í jiyàn. "Ẹ̀yin tí ẹ fojú yan tiyín," á dá wọn lóhùn, "ṣé ẹ ti wá rí i tó?"

Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá ẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà. Wọn ò tilẹ̀ rán an lọ kọ́ṣẹ́ o! Oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n ní kó gbé lọ fún un. Ó gbé oúnjẹ dé, ó rí i bí igi ṣe ń jáde lẹ́nu ìfági ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó ń ká bí irun, ó bá jókòó. Ìyá ẹ̀ wá a títí, ó bá a lórí òkìtì ìyẹ̀fun igi, ìyẹ̀fun náà ti bò ó látòkè délẹ̀, inú ẹ̀ sì ń dùn bí ẹni tó jogún. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ti bù ṣe.

Láti ìgbà náà, ó ti kan bẹ́ẹ̀dì tí kò mọ ẹni tó ń sùn lórí ẹ̀. Ó ti kan bẹ́ǹṣì ilé ìwé fún àwọn ọmọ tí kò mọ orúkọ wọn. Ó ti gbé ilẹ̀kùn kọ́ sí ilé tí kò ní í padà wọ̀ láé. Bí iṣẹ́ káfíńtà ti rí nìyẹn: ìwọ lo ṣe é, àwọn ẹlòmíì ló ń lò ó, ẹ̀yin méjèèjì ò sì ní í pàdé. Kò dùn ún dé egungun, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún. Ó wù ú pé kí òun ṣe ohun kan, ẹyọ kan péré, tí òun á dúró sí kọ̀rọ̀, tí òun á sì máa wò bí ọwọ́ ènìyàn ṣe ń kàn án.

Ibi tí káńtà ti wọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Ilé aṣọ àtijọ́ kan wà ní ìkòríta, pẹ́tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta, tí ojú fèrèsé ẹ̀ fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Láyé ọjọ́ un, ibẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìyàwó, ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé ìwé, ẹni tó bá fẹ́ lọ sí kóòtù, ti ń ra aṣọ. Nígbà tó yá, àwọn olówó aṣọ kú, àwọn ọmọ wọn kó lọ, wọ́n sọ ilé di ibi ìkẹ́rù sí. Ẹyẹlé gba òkè, eku gba ìsàlẹ̀, àwọn aláńtakùn gba àárín, kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè owó ilé. Ẹgbẹ́ kan ló wá ra ilé náà pé àwọn fẹ́ sọ ọ́ di ọ́fíìsì. Ayàwòrán ilé tí wọ́n gbà, ọ̀dọ́mọkùnrin onígíláàsì kan tó máa ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀, ṣe òfin kan ṣoṣo fún gbogbo òṣìṣẹ́: ohunkóhun ò gbọdọ̀ jáde nínú ilé yìí, àfi bí a bá ti wá àyè fún un nínú ilé yìí kan náà tí a ò rí.

Ẹ wá wo nǹkan! Bíríkì tó wó lẹ́yìn ilé di ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé. Pákó tí wọ́n ń to aṣọ lé tẹ́lẹ̀ di ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀. Òjò tó bá rọ̀ sórí òrùlé ń ṣàn lọ sínú táǹkì abẹ́ ilẹ̀, òun ni wọ́n á máa fi ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Páńẹ́ẹ̀lì tó ń gba iná oòrùn tò sórí òrùlé bí ìwé tí wọ́n sá. Ẹ̀rọ amúlétutù ńkọ́? Díẹ̀ báyìí ni wọ́n fi sí i! Àwọn tó kọ́ ilé náà, ayé ò tíì mọ iná mànàmáná nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, wọ́n ti ṣètò ẹ̀ tí atẹ́gùn á fi wọlé lójú títì tí á sì gba àgbàlá jáde. Ilé náà ti mọ bí wọ́n ṣe ń mí tẹ́lẹ̀. Wọ́n kàn dí i nímú ni. Iṣẹ́ Màmá Káfíńtà sì ni láti ṣí imú ẹ̀: gbogbo fèrèsé, gbogbo ilẹ̀kùn, gbogbo ohun tó bá jẹ́ igi.

Ibi tó ti ń kó igi jọ ló ti rí káńtà náà. Bóyá kí a ní ó rí ẹ̀ya ara ẹ̀. Apá kan ti di àgbékọ́ ní yàrá ẹ̀yìn. Apá kan ni àwọn alágbàárù tẹ́ sílẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ ẹrù láti gùn. Dúrọ́ọ̀ méjì, àpótí tí wọ́n ń fà jáde lára ẹ̀, wà lókè, ẹyẹlé ti yé sínú ẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó gbóòórùn ìkíní, ó gbóòórùn ìkejì, ó pariwo tí ayàwòrán fi sáré wá pé kí ló ṣẹlẹ̀.

"Igi kan náà ni gbogbo ẹ̀!" Màmá Káfíńtà di apá ayàwòrán mú. "Káńtà ni! Káńtà tí wọ́n ń na aṣọ lé fún oníbàárà! Wọ́n kàn já a jálajàla ni."

"Ẹ lè tò ó padà, Màmá?"

"Ṣé ẹ ń bi ẹja bóyá ó lè wẹ̀ ni?"

Ayàwòrán ṣí gíláàsì ẹ̀, ó nù ún. Ó ní bó bá ṣeé ṣe, ẹnu ọ̀nà àbáwọlé nísàlẹ̀ ni òun máa gbé káńtà náà sí. Òun ni àlejò á kọ́kọ́ bá pàdé, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí àwọn ayálégbé tó kó wọlé. Bí kò bá sí, àwọn á ra tuntun tí iléeṣẹ́ ti ṣe sílẹ̀, èyí tó ń dán bí àwo.

Màmá Káfíńtà tún un sọ lábẹ́ èémí. Òun ni wọ́n á kọ́kọ́ fọwọ́ kàn! Ohun tó ti ń wá láti ìgbà èwe ẹ̀ ló dé yìí.

Wọ́n ṣì ń gbẹ́ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ nígbà náà, nítorí náà wọ́n kó gbogbo ègé igi náà lọ sí yàrá ńlá òkè. Ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn fẹ̀ bí ẹnu odò. Àwọn tó kó ẹrù síbẹ̀ láyé ìkẹ́rù ló fọ́ ògiri, wọ́n fi irin gbọọrọ kan gbé òkè dúró, kí ẹrù lè máa wọlé láìtẹ̀. Ibẹ̀ ni Màmá Káfíńtà jókòó sí fún oṣù bíi mélòó kan, tó ń fá, tó ń gbẹ́, tó ń so. Kò lo ìṣó kankan. Èèkàn igi ló fi kan igi mọ́ igi, ó fi gúlù dì í, ó fá ojú ẹ̀ tí ẹ ò fi ní í mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó parí, káńtà náà gùn bí ọkọ̀ ojú omi, ó sì ń dán láìfi ara ẹ̀ yangàn. Ó daṣọ bò ó, ó lọ kọjú sí fèrèsé ẹ̀yìn ilé títí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ á fi gbẹ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọkọ ẹ̀.

Bíríkìlà ni ọkọ Màmá Káfíńtà. Bàbá Jẹ́jẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí kò sí ohun tó lè mú un sáré. Bí òjò bá ń bọ̀, á wò ó, á ní, "Ó ń bọ̀ lóòótọ́," á sì máa rìn lọ. Àwọn méjèèjì ti fẹ́ra wọn tipẹ́, wọn ò sì tíì ṣiṣẹ́ nínú ilé kan náà rí, àfi eléyìí. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ọkọ á ní káfíńtà ló ń ba ògiri jẹ́, ìyàwó á ní bíríkìlà tí kò mọ ohun tó gún ló ń ba fèrèsé jẹ́, ọbẹ̀ á tutù. Ni wọ́n bá jọ fẹnu kò: bí ẹsẹ̀ bá ti kọjá ìloro ilé, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ parí. Wọ́n á sọ̀rọ̀ aládùúgbò, wọ́n á sọ̀rọ̀ ọmọ, wọ́n á sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó ń ro wọ́n. Àdéhùn yẹn ló tọ́jú ìgbéyàwó náà bí ẹyin.

Òun náà ló kó bá wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé káńtà sọ̀kalẹ̀, Màmá Káfíńtà gòkè lọ pẹ̀lú àwọn alágbàárù, ó ń fi orin sẹ́nu. Ó dé òkè, ó dúró. Ògiri kan ló wà níwájú ẹ̀ tí kò rí rí, bíríkì àtijọ́ tó tò gún régé, ẹnu ọ̀nà tóóró kan láàárín ẹ̀ tí òkè ẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè. Ó fọwọ́ pa á lára. "Háà," ó ní, "ta ló ní ọwọ́ yìí? Ẹ wo òkè ẹ̀! Iṣẹ́ rèé o." Bàbá Jẹ́jẹ́ tó wà lẹ́bàá ògiri náà, tó ń wẹ garawa, rẹ́rìn-ín músẹ́. Inú ẹ̀ dùn débi pé omi garawa ń dà sí i lẹ́sẹ̀.

Màmá Káfíńtà gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé, ó ká ọ̀rá àti aṣọ kúrò lórí káńtà. Àwọn alágbàárù súfèé. Olórí wọn, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tí apá ẹ̀ tó itan, tutọ́ sọ́wọ́.

"Màmá, ọ̀nà ibo la máa gbé e gbà?"

"Ọ̀nà ibo kẹ̀? Ọ̀nà tí a gbé e gbà wọ—"

Ó wo káńtà. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó tún wo káńtà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ jáde dé ojú títì.

"Bàbá Jẹ́jẹ́! Ẹnu ọ̀nà ńlá ibí yìí dà?"

Ọkọ ẹ̀ yọjú. "Mo ti dí i."

"Ẹ ti kí ni? Ta ló ní kí ẹ dí i?"

"Àwòrán ló ní kí n dí i. Bó ṣe wà láyé àtijọ́ nìyí kí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ẹrù tó fọ́ ọ. Ìwọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn ín tán báyìí."

"Ẹ ò rí káńtà mi ni?"

"Mo rí nǹkan gbọọrọ kan tí wọ́n daṣọ bò. Mo rò pé tábìlì yàrá yìí ni. Mo tilẹ̀ fi ọ̀rá bò ó mọ́ aṣọ tó wà lára ẹ̀, kí ẹfun má baà ta sí i."

"Ẹ ṣé o! Ẹ ṣeun gan-an ni! Ẹ wé òkú, ẹ tẹ́ ẹ sínú sàréè, ẹ rẹ́ ojú ẹ̀ dán!"

Olórí alágbàárù jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú ẹ̀. "Ìyàwó kan igi, ọkọ mọ ògiri yí i ká! Mo ti gbé pósí, mo ti gbé dùùrù, n ò gbé irú èyí rí. Ẹ̀yin méjèèjì ò kì í sọ̀rọ̀ nílé ni?"

Tọkọtaya wo ara wọn.

Ayàwòrán sáré gòkè dé, ìwé àwòrán lọ́wọ́ ọ̀tún, ìwé àwòrán lọ́wọ́ òsì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú ẹ̀ pọ́n bí ẹni tó jẹ ata. "Nínú ìwé yìí, káńtà ti wà nísàlẹ̀. Nínú ìwé yìí, ògiri ti dí. Èmi náà ni mo ya méjèèjì. Ìwé méjèèjì ló tọ̀nà..."

"Ìwé tọ̀nà," Bàbá Jẹ́jẹ́ mi orí, "àwa la ṣìnà."

Ni gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí dá àbá. Fèrèsé ńkọ́? Wọ́n wọ̀n ọ́n; káńtà fẹ̀ jù ú lọ, bó bá sì tilẹ̀ gbà á, ta ló fẹ́ dúró sábẹ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lójú títì? Ká gbé e dúró ní òró ńkọ́? Ọ̀ọ̀dẹ̀ ìta ò gùn tó ibi tó máa yí sí. Ayàwòrán ní, "Màmá, ẹ máà bínú sí mi. A lè fi ayùn là á sí méjì. Ẹ ó tún so ó pọ̀ nísàlẹ̀."

Màmá Káfíńtà wò ó bí ẹni tó ní kí wọ́n gé ọmọ òun lẹ́sẹ̀ kí bàtà lè bá a mu.

Ohun kan wà tí kò sẹ́ni tó dá lábàá. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n wó ògiri. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Bàbá Jẹ́jẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹfun sísun lọ́dọ̀ ọ̀gá ẹ̀ nígbà èwe: òkúta tí wọ́n sun nínú iná, tí wọ́n bu omi pa, tí wọ́n fi í sílẹ̀ títí á fi rọ̀ bí ọ̀rá màlúù, òun ni wọ́n fi ń so bíríkì láyé àtijọ́. Kò tíì kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́ náà tán tí sìmẹ́ǹtì fi gba ayé, kò sì sẹ́ni tó tún pè é sí iṣẹ́ ẹfun mọ́. Ó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ to búlọ́ọ̀kù. Ògiri yìí ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe bí ọ̀gá ẹ̀ ṣe kọ́ ọ, láti ìgbà tó ti di ọkùnrin. Àwọn bíríkìlà mìíràn ti wá wò ó. Wọ́n ti yà á ní fọ́tò. Ó ti ń fọwọ́ nù ún lójoojúmọ́ bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

Màmá Káfíńtà náà sì ti yìn ín kó tó mọ ẹni tó ni ín. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le. Ó wò ó bóyá òun lè kórìíra ògiri náà díẹ̀, kò lè ṣe é. Ó dára jù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n jókòó sídìí oúnjẹ, ọkọ, ìyàwó, àti ọmọbìnrin wọn tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Ṣíbí nìkan ló ń ròyìn.

"Màámi, oúnjẹ yìí dùn o," ọmọ bẹ̀rẹ̀.

"Ó dùn," ìyá dáhùn.

"Ó dùn," bàbá gbà á.

Ọmọ wo ìyá, ó wo bàbá. "Ẹ̀yin méjì ti bára yín jà."

"Ta ló jà?" ìyá bi í. "Ṣé o rí ẹni tó ń jà ni? A ò kì í sọ̀rọ̀ iṣẹ́ nínú ilé."

"Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, àbí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde sí ìta lọ sọ ọ́, kí n lè jẹun bí ọmọ ènìyàn. Àwọn aláìsàn mi máa ń bára wọn sọ̀rọ̀ ju báyìí lọ, bẹ́ẹ̀ wọ́n sì wà nínú oorun."

Bàbá Jẹ́jẹ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú ìyàwó ẹ̀, ó fi omi gbé e mì. Kò sẹ́ni tó jáde sí ìta. Màmá Káfíńtà ń rò ó pé bí òun bá ní kó wó ògiri, á wó o, nítorí bó ṣe rí nìyẹn, kò ní í jiyàn. Nítorí náà gan-an ni òun ò ṣe lè sọ ọ́. Ọkùnrin tí kì í bèèrè nǹkan, wọn kì í gba ẹyọ kan tó ní lọ́wọ́ ẹ̀.

Ó wá pinnu. Igi ni tòun. Òun ni òun máa là á.

Lọ́jọ́ kejì, ó tètè jí, ó ti ilé jáde kí ọkọ ẹ̀ tó fọ ẹnu. Ó gòkè lọ, ó fi ẹfun ìkọ̀wé fa ìlà kan gba àárín káńtà kọjá, ó gbé ayùn lé e. Ó mí kanlẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó gbóòórùn ibi tí ayùn máa kọ́kọ́ jẹ, àṣìṣe tó sì ṣe nìyẹn. Òórùn aṣọ tuntun ṣì wà níbẹ̀, lẹ́yìn gbogbo ẹyẹlé, lẹ́yìn gbogbo eku. Ayùn náà ò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. "Ìwọ ọwọ́ yìí," ó bá ọwọ́ ara ẹ̀ wí, "o ti la igi tó igbó kan, kí ló ń ṣe ẹ́?"

Ó ń bá ọwọ́ wí lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ohùn kan. Kì, kì, kì. Ó wẹ̀yìn. Bàbá Jẹ́jẹ́ ti kúnlẹ̀ sórí àgbá kan níta ẹnu ọ̀nà, ó ń fi ṣóńṣó ọ̀bẹ kan ha àárín bíríkì àti bíríkì, ní orí òṣùmàrè gan-an. Ẹfun ń já bọ́ bí ìyẹ̀fun.

"Kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"Mo ń ṣiṣẹ́."

"Ẹ fi í sílẹ̀! Mo ní kí ẹ fi ògiri yẹn sílẹ̀! Ṣé èmi ní kí ẹ wó o ni?"

"Ta ló ń wó nǹkan?" Ó yọ bíríkì kan jáde, odindi, kò sán, kò fọ́. Ó fẹnu fẹ́ ẹ, ó nà án sí ìyàwó ẹ̀. "Wò ó. Bí mo ṣe fi í síbẹ̀ ló ṣe jáde. Bó bá ṣe sìmẹ́ǹtì ni, òòlù ńlá la ò bá gbé, a ò bá fọ́ gbogbo ẹ̀ wómúwómú. Ẹfun ò ní ìkanra. Bó o bá ní kó dúró, á dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Bó o bá bẹ̀ ẹ́ pé kó yà, á yà."

"Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yín ńkọ́? Gbogbo ènìyàn ló ń wá wò ó."

"Wọ́n á tún wá. Wọ́n ní ẹsẹ̀." Ó mú bíríkì kejì. "Èèkàn igi tí o kàn sínú ìyẹn, ṣé ó ṣeé yọ?"

Màmá Káfíńtà wo káńtà ẹ̀. Ó mọ̀ pé kò ṣeé yọ. Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe ṣe é, pé kó má ṣeé yọ láéláé. Ohun tó fi ń yangàn lọ́kàn nìyẹn. "Kò ṣeé yọ," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Èyí tó lè tẹ̀ ló ń tẹ̀ fún èyí tí kò lè tẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Tèmi ò tilẹ̀ jó. Mo kàn ní kó sún fún ọ kọjá ni."

Omi lé ròrò sójú obìnrin náà. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ìyẹ̀fun igi kó sí i lójú, omi wá ń dà gidi. "Ẹ wò ó, ẹ ti mú mi sunkún láàárọ̀, mi ò sì tíì mu tíì."

"Èwo lo fẹ́, tíì àbí ọ̀nà?"

"Ọ̀nà! Ẹ sún síbẹ̀, ẹ jẹ́ n máa gbà á lọ́wọ́ yín."

Báyìí ni wọ́n ṣe tú ògiri náà, ọkọ ń yọ, ìyàwó ń gbà, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tò ó sílẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé bó ṣe jáde. Nígbà tí ayàwòrán dé, tó rí àlàfo, ó gbá orí mú. Nígbà tó rí i pé bíríkì kan ò fọ́, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ní òun fẹ́ lọ́wọ́ sí i, kí wọ́n fún òun ní búrọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fún un. Ó fọ bíríkì mẹ́ta, ó fi ẹfun kun gíláàsì ẹ̀, wọ́n gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ẹ̀.

Ó di ọ̀sán kí àwọn alágbàárù tó gbé káńtà náà jáde. "Ẹ gbé e! Ẹ rọra! Ìdí, ìdí, ẹ wo ìdí!" Màmá Káfíńtà ń fi ẹ̀yìn rìn sọ̀kalẹ̀ níwájú wọn, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Ní kọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn, wọ́n dúró, wọ́n yí i díẹ̀, wọ́n tún yí i.

"Màmá," olórí alágbàárù ń mí hẹlẹ, "ṣé ẹ ò lè kan èyí tó fúyẹ́ ni?"

"Ìwọ ṣé o ò lè jẹun tó ni?"

Ẹ̀rín gba agbára lápá gbogbo wọn, díẹ̀ báyìí ló kù kí káńtà já. Ó dé ìsàlẹ̀ ṣá. Wọ́n gbé e sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń bọ́ sí i, ó sì bá àyè náà mu bí ẹni pé wọ́n ti ń dúró dè é.

Bàbá Jẹ́jẹ́ tún ògiri ẹ̀ mọ nínú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìyàwó ẹ̀ ló ń po ẹfun fún un. Ó ń pò ó kíákíá, ọkọ ẹ̀ ń ní kó rọra, ó ń ní bí òun bá rọra, àwọn méjèèjì á darúgbó síbẹ̀. "A ti darúgbó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀," ọkọ dá a lóhùn. Nígbà tí òṣùmàrè náà tún dúró, ọkọ sún sẹ́yìn, ó wò ó, ó ní èyí dára ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Irọ́ ni," Màmá Káfíńtà ní. "Ti àkọ́kọ́ gún jù ú."

"Ojú ẹ ti bàjẹ́."

"Imú ni mo fi wò ó."

Ọjọ́ tí àwọn ayálégbé kó wọlé pé. Àwọn fèrèsé ṣí, atẹ́gùn ń wọlé lójú títì, ó ń fẹ́ ìwé kúrò lọ́wọ́ àwọn tí kò tíì mọ ilé náà. Tọkọtaya náà dúró sí kọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, nínú aṣọ tí kò ní ìyẹ̀fun igi àti ẹfun lára. Màmá Káfíńtà ò wo àwọn àlejò lójú. Ọwọ́ wọn ló ń wò. Ọkùnrin kan kọjá, ó gbé ọwọ́ sápò. Obìnrin kan kọjá, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìka ẹ̀ fẹ́ kan káńtà, kò kàn án. Màmá Káfíńtà mí èémí gígùn.

"Ṣe sùúrù," ọkọ ẹ̀ ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ẹ̀yin náà tún ti dé."

Ìyá ọ̀dọ́ kan wọlé, àpò léjìká, ọmọ kékeré lọ́wọ́ kan, páálí ìwé lábẹ́ apá kejì. Okùn bàtà ọmọ náà ti tú. Obìnrin náà wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó wá nǹkan tó máa gbé ọmọ kà. Kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé ọmọ náà jókòó sórí káńtà, pẹ̀lú bàtà ẹlẹ́rẹ̀ ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí di okùn.

Ọmọ náà na ọwọ́ méjèèjì sórí igi. Ó rí i pé ó ń yọ̀. Ó fi ìdí sún díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó tún sún. Ó fi gìgísẹ̀ lu ara káńtà, gbì, gbì, gbì, ó gbọ́ bó ṣe dún, ó wá tẹra mọ́ ọn.

Màmá Káfíńtà ti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Bàbá Jẹ́jẹ́ rò pé ó fẹ́ lọ pariwo lé wọn lórí ni, ó di etí aṣọ ẹ̀ mú.

"Ìyá ilé mi, jẹ́jẹ́."

"Ẹ fi mí sílẹ̀, mi ò fẹ́ bá wọn jà." Ojú ẹ̀ ń tàn bí ọjọ́ ìgbéyàwó. "Mo fẹ́ sún mọ́ ọn kí n gbọ́ ọ dáadáa ni."